Ẹkùn Òkè Ẹdun

Kò sí ẹni tó mọ Barnabé ní abúlé Ìsàlẹ̀-Òkè tí kò mọ àwòrán rẹ̀. Inú férémù ló wà, lára ògiri yàrá àlejò, lókè àga tí ọmọ kankan kò gbọdọ̀ jókòó lé. Òyìnbó kan wà láàárín àwòrán náà pẹ̀lú ìbọn lọ́wọ́. Òkú ẹkùn kan nà gbalaja lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Lápá ọ̀tún, ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan dúró, ó gbé àyà síta bí ẹni pé òun gan-an ló pa ẹran náà. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn ni Barnabé. Ọwọ́ rẹ̀ kan kò pé nínú àwòrán, sísọ́ọ̀sì ti gé e kúrò láti ọrùn-ọwọ́. Bí àlejò bá béèrè, Barnabé á ní ìbọn kejì ló wà lọ́wọ́ òun níbẹ̀, pé òun gé e kúrò nítorí àwọn jandárámù, ọlọ́pàá ìjọba. Philomène aya rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé ìgbakọ ni, nítorí òun ló ni sísọ́ọ̀sì.

Alásè ni Barnabé láyé òyìnbó. Nígbà tí àwọn Faransé ṣì ń ṣèjọba, òyìnbó kan tó ń ṣọ́ igbó ìjọba ní agbègbè Kétu ló gbà á sí ilé ìdáná. Bí òyìnbó bá lọ dọdẹ, Barnabé á wà ní àgọ́, á máa tu ìyẹ́ awó, á máa fọ abọ́. Ẹkùn inú àwòrán yẹn, àwọn ará oko kan lápá àríwá ló fi pàkúté mú un. Òyìnbó rà á lọ́wọ́ wọn, ó yìnbọn sí òkú, ó wá ní kí wọ́n ya òun. Barnabé sáré jáde láti ìdí ààrò kí fọ́tò má bàa fo òun, kò sì rántí gbé ìgbakọ sílẹ̀.

Nígbà tí òyìnbó kó ẹrù rẹ̀ lọ, Barnabé padà sí Ìsàlẹ̀-Òkè pẹ̀lú ṣòkòtò kakí kan, àwòrán kan, àti ìtàn kan. Ìtàn náà kéré níbẹ̀rẹ̀. Ó ní òun bá òyìnbó tọ ipasẹ̀ ẹkùn. Lẹ́yìn tó fẹ́yàwó, ó di pé òun ni òun kọ́kọ́ rí i. Nígbà tí Honoré àkọ́bí rẹ̀ fi máa wọ ilé-ẹ̀kọ́, òyìnbó ti sá gun igi, Barnabé nìkan ló dúró de ẹran náà. Àwọn èèyàn ń gbọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bu ọtí sódabì fún un. Philomène ń gbin iṣu àti àgbàdo ní ẹsẹ̀ òkè, oko yẹn ló ń bọ́ ilé. Barnabé náà ní oko, àmọ́ oko rẹ̀ sábà máa ń ní koríko ju ọ̀gbìn lọ, nítorí òwúrọ̀ ni ẹnu rẹ̀ máa ń dùn jù.

Òkè Ẹdun ni wọ́n ń pe òkè náà. Ká sòótọ́, àpáta rọ̀bọ̀tọ̀ kan ni, tí igbó bò lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àmọ́ ilẹ̀ Kétu tẹ́ pẹrẹsẹ láti Ìdígní dé Òpó-Mẹ́ta, ohunkóhun tó bá ti ga ju òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì lọ níbẹ̀, òkè ńlá ni. Wọ́n ní ẹdun, ọ̀bọ onírun gígùn yẹn, pọ̀ lórí rẹ̀ láyé àwọn baba ńlá. Àwọn baba ńlá jẹ ẹdun náà tán, wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn tí Ìyípadà fi dé. Ìjọba ológun ní Kútọnu sọ pé ọ̀nà sosialísìmù ni gbogbo wa máa tọ̀, orúkọ Dahomey di Benin, oníkálukú di kamaráàdì. Ní Ìsàlẹ̀-Òkè, ohun tó yí padà kò ju pé wọ́n ń pàtẹ́wọ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn tó bá parí.

Ní Kétu, olùkọ́ kan wà tó ń jẹ́ Séverin, tí wọ́n fi ṣe alága ohun tí wọ́n ń pè ní Kòmítè Ìgbafẹ́. Iṣẹ́ kòmítè náà ni láti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí èèyàn ṣe ń sinmi, bí ẹni pé wọn ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti rán Séverin lọ sí ilẹ̀ àwọn òyìnbó sosialísìtì fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Níbẹ̀ wọ́n mú un gun òkè kan tí wọ́n dá sí fún ẹranko igbó àti fún ìgbádùn àwọn òṣìṣẹ́. Ó rí àgbọ̀nrín tó ń jẹko láìsá fún èèyàn, ó rí omi tó ń já láti orí àpáta, ó rí àwọn alágbẹ̀dẹ iléeṣẹ́ irin tí wọ́n ń rìn kiri pẹ̀lú ọ̀pá, tí wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ tútù símú. Séverin padà dé pẹ̀lú ikọ́ àti jùmẹ́ẹ̀lì, awò gígùn tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ó sì pinnu pé àwọn òṣìṣẹ́ Kétu náà gbọ́dọ̀ ní òkè tiwọn. Ó wá gbogbo agbègbè náà kiri. Ẹyọ kan ló rí.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sí Ìsàlẹ̀-Òkè, abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n kó jọ sí. Olùkọ́bìnrin kan bá a wá, Sidonie, ọmọ Pọ̀bẹ̀, tó jẹ́ akọ̀wé kòmítè. Séverin sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó ní láyé àwọn amúnisìn, àwọn ọlọ́lá nìkan ló ń gun òkè wo ẹranko, pé láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo ará ìlú ló máa gùn ún. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ wojú ara wọn, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gùn ún lọ ṣẹ́gi. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé ẹranko wo ló wà níbẹ̀.

Ẹni tó yẹ kó dáhùn ni Ràmọ́nù, ọdẹ abúlé náà. Àmọ́ ìbọn Ràmọ́nù kò ní ìwé, kò sì fẹ́ kí ìjọba kankan mọ orúkọ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí Barnabé.

"Ẹ bi Bàbá Honoré. Òun ló bá òyìnbó ṣọdẹ."

Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Barnabé dìde. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni láti dárúkọ ọ̀yà àti ẹtu, bóyá òkété, kó sì jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Séverin ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń rọ díẹ̀díẹ̀ bí ewé tí oòrùn pa. Ó ní ṣé kò sí ẹranko tó tóbi jùyẹn lọ ni, ẹkùn ńkọ́?

Barnabé wo àwọn èèyàn abúlé. Nígbà tó bá ti dárúkọ ẹkùn tẹ́lẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń gbà á. Lọ́jọ́ yẹn, nítorí pé àlejò ìjọba wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wò ó. Láyé rẹ̀, wọn ò dákẹ́ báyẹn fún un rí.

"Ó wà," ló wí. Nígbà tó rí i pé ilẹ̀ kò là, ó fi kún un pé, "Ẹyọ kan ni. Akọ."

Nígbà tí Philomène gbé oúnjẹ fún un lálẹ́, ó bi í léèrè ohun tó sún un sọ bẹ́ẹ̀. Barnabé ní àwọn ará ọ́fíìsì ni, wọ́n á padà sí Kétu, wọ́n á gbàgbé. Ó jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà.

Wọn ò gbàgbé. Lọ́jọ́ Sátidé kan, bàṣé ìjọba, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan, rọra ń bọ̀ nínú eruku pupa ọ̀nà Ìdígní, Séverin jókòó níwájú, Sidonie àti àwọn ọmọ kòmítè mìíràn wà lẹ́yìn. Barnabé ti gbé ṣòkòtò kakí rẹ̀ jáde. Bọ́tìnnì kò pàdé mọ́, okùn ló fi so ó. Ó mú wọn wọgbó.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé Barnabé kò mọ ọ̀nà. Láti kékeré ló ti gun òkè náà kẹ́yìn. Ó mú wọn gba ẹ̀gbẹ́ oko Philomène kọjá, ó mú wọn yí òkìtì ọ̀gán kan ká, ó tún mú wọn bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ oko Philomène. Philomène wà nínú ebè, ó ń tu èpò. Ó wo ọkọ rẹ̀ tó kọjá lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó tó tún kọjá. Nígbà tó rí i tó fẹ́ yà síbi ọ̀gán náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi ọkọ́ tọ́ka sí ọ̀nà gidi, ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Barnabé ṣàlàyé fún àwọn àlejò pé ṣe ni òun ń yí òórùn wọn po kí ẹran má bàa fura. Séverin tó wọ bàtà aláwọ mi orí, ó ní ìmọ̀ jinlẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn èyí, gbogbo nǹkan rọrùn fún un. Ó rí ìgbẹ́ ewúrẹ́, ó pè é ní ti àgbọ̀nrín. Ó rí ihò òkété, ó ní òòrẹ̀ ń gbé ibẹ̀. Lára igi ìrókò kan, àdá ti ṣá èèpo sí wẹ́wẹ́, níbi tí àwọn obìnrin ti máa ń gé e fún egbòogi. Barnabé dúró, ó gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo wọn dákẹ́. Ó ní ibẹ̀ ni ẹkùn ti ń pọ́n èékánná. Séverin fi ìka tọ́ ọ. Sidonie náà súnmọ́ ọn. Àgbẹ̀ ni bàbá tó bí i, ó mọ ojú àdá. Ó wo igi, ó wo Barnabé, ó sì rántí pé ọwọ́ Séverin ni ìwé tí wọ́n máa fi gbé iṣẹ́ òun padà sí Pọ̀bẹ̀ wà. Ó ní èékánná náà mà tóbi o.

Wọ́n dé orí àpáta nígbà tí oòrùn ti ń gorí. Níbẹ̀, fún ìgbà díẹ̀, kò sẹ́ni tó parọ́. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ọ̀nà odò Ọ̀kpárá. Ilẹ̀ tẹ́ lọ títí, igi ọ̀pẹ dúró káàkiri nínú rẹ̀, èéfín oko ń gòkè tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀nà pupa gba àárín rẹ̀ kọjá lọ sí Ìdígní. Àwọn ọmọ kòmítè tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ jókòó kalẹ̀, wọ́n ń wò. Barnabé náà ń wò. Ó rí oko aya rẹ̀ nísàlẹ̀, ebè tò gẹ́gẹ́, ewé iṣu dúdú kirimú, obìnrin kékeré kan wà láàárín rẹ̀ tó ń lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé oko náà tóbi tó bẹ́ẹ̀. Kò mọ̀ pé ó dára tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni nǹkan kan fò jáde láti inú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àmì dúdú wà lára rẹ̀, ó fò kọjá lójú ẹsẹ̀, ó wọ igbó.

"Ẹkùn," ni Séverin wí. Ohùn rẹ̀ kéré.

Barnabé mọ nǹkan tó rí. Ajá Ràmọ́nù ni. Ó mọ̀ ọ́n láti ibi ìrù rẹ̀ tó gé kù, nítorí ajá yẹn ti jí ẹja gbígbẹ jẹ nílé rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ti fi igi lé e yí abúlé ká. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Séverin yíjú sí i, jùmẹ́ẹ̀lì so mọ́ ọn lọ́rùn tí kò tilẹ̀ rántí lò, ojú rẹ̀ sì mọ́ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọmúníọ̀n àkọ́kọ́.

"Bàbá, ẹ rí i?"

Barnabé ní òun rí i.

Sidonie ní òun náà rí i. Ó ní ìrù rẹ̀ gùn, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ọkùnrin kan nínú kòmítè ní òun rí eyín rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ajá gbó nísàlẹ̀ òkè, ketekete, ó tún gbó. Gbogbo wọn gbọ́. Séverin wo Barnabé. Barnabé ní bí àwọn ẹkùn apá ibí ṣe ń húkọ́ nìyẹn, pé òjò ló fà á. Séverin tó ṣì ń hú ikọ́ tó gbé bọ̀ láti òkè ilẹ̀ òyìnbó gbà á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Láàárín oṣù mélòó kan, iṣẹ́ dé. Àwọn ọkùnrin kan wá pẹ̀lú ọkọ̀ ìjọba, wọ́n gbé pátákó ńlá kan wá. Wọ́n ti kọ ọ́ sára rẹ̀ lédè Faransé pé òkè yìí jẹ́ ibi ìdáàbòbò ẹranko àti ìgbafẹ́ fún gbogbo ará ìlú. Láàárín ebè Philomène ni wọ́n rì í mọ́, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó bá ń dáko lẹ́sẹ̀ òkè gbọ́dọ̀ kúrò, pé ariwo ọkọ́ ń dí ẹkùn lọ́wọ́, kò lè bímọ. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè bí ẹyọ akọ kan ṣe máa bímọ. Wọ́n wá fún Barnabé ní fìlà àti fèrè, wọ́n ní òun ni olùṣọ́ ẹranko.

Philomène wa iṣu tó ti tó wà, ó fi èyí tó kù sílẹ̀. Ó gbé igbá iṣu wọlé, ó sọ ọ́ kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ tó ń gbìyànjú fìlà náà.

"Bàbá Honoré, èyí ni ìkẹyìn. Tó bá tán, ẹ lọ mú ẹkùn yín wá ká gún un."

Kò pariwo. Ì bá pariwo, Barnabé ì bá mọ bó ṣe máa dá a lóhùn. Ó ti ń dá ariwo lóhùn láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra wọn.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì, ó gba ọ̀nà Kétu lọ. Ó ti to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́kàn: ajá ni, ojú mi ló ṣì í, àgbà ti ń dé, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ mi padà sóko. Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lójú ọ̀nà, ó dùn, ó tilẹ̀ ń mú omi wá sí i lójú. Séverin gbà á tayọ̀tayọ̀, ó fún un ní àga. Kí Barnabé tó la ẹnu, ó ti ń sọ fún un bí inú àwọn àgbà ní Kútọnu ṣe dùn tó. Ó ní àwọn ọ̀tá Ìyípadà ṣì pọ̀ láàárín ìlú, pé bàbá kan ní ibì kan sọ fún ìjọba pé òun ní òwú nílé, tí kò ní. Wọ́n pè é kó wá ṣàlàyé.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí i?" ni Barnabé béèrè.

"Ó ṣì ń ṣàlàyé lọ́wọ́," ni Séverin dáhùn. "Kí lẹ bá wá, Bàbá?"

Barnabé ní fìlà tí wọ́n fún òun ló kéré, pé bóyá wọ́n ní èyí tó tóbi jù ú lọ.

Wọ́n ní i. Òun ló dé padà sílé.

Láti ìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì láti Kétu àti Pọ̀bẹ̀, pẹ̀lú búrẹ́dì, sarúdínì, bíà àti rédíò. Barnabé á fọn fèrè, á mú wọn gòkè, á fi ara ìrókò hàn wọ́n. Wọ́n á wo ilẹ̀ pẹrẹsẹ, wọ́n á ní ó rẹwà, wọ́n á jẹun, wọ́n á fi agolo sílẹ̀ fún àwọn ẹranko. Kò sẹ́ni tó rí ẹkùn, kò sì sẹ́ni tó padà sílé kó ní òun kò rí i. Ta ló fẹ́ jẹ́ ẹni tí kamaráàdì alága rí ohun tóun kò rí? Ajá Ràmọ́nù gan-an kò jáde mọ́. Kòmítè ti pàṣẹ pé kí wọ́n so gbogbo ajá abúlé mọ́lẹ̀, kí wọ́n má bàa dẹ́rù ba ẹkùn.

Ràmọ́nù kò kanra. Ó ti rí i pé ẹni tó bá gun òkè lọ wo ẹran igbó, ebi ẹran igbó ló máa ń pa á bọ̀. Ó ń yan ọ̀yà lẹ́bàá ọ̀nà, lábẹ́ pátákó ìdáàbòbò ẹranko gan-an, àwọn ọmọ kòmítè ló sì ń kọ́kọ́ rà. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tó ti ń pa á. Séverin fẹ́ràn itan.

Philomène lọ tọrọ ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́nà Odò-Mẹ́ta. Ó jìn débi pé kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé. Ilẹ̀ náà ti gbó, iṣu ibẹ̀ kò ju ìkúùkù lọ. Obìnrin náà rù, egungun èjìká rẹ̀ yọ lábẹ́ aṣọ. Àwọn obìnrin mìíràn tí wọ́n lé kúrò lẹ́sẹ̀ òkè kì í kí Barnabé mọ́. Kò dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á kàn wo fìlà rẹ̀, wọ́n á kọjá.

Ó ká a lára ju bó ṣe fẹ́ kó hàn lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tó ń bọ̀ láti ibi tó ti sin àwọn àlejò dé ìdí ọkọ̀, ó rí Philomène lókèèrè lójú ọ̀nà, igi ìdáná lórí, agbọ̀n lórí igi. Ó dúró dè é. Ó gba ẹrù náà lórí rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí, ó gbé e lórí fìlà ìjọba wọ abúlé lójú gbogbo èèyàn. Philomène rìn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní fìlà náà wúlò díẹ̀, ó lè ṣe òṣùká.

Bí ọdún ṣe ń lọ, epo ọkọ̀ dín kù. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́, lẹ́yìn náà kò dé mọ́. Ẹni tí kò rówó ra àgbàdo kì í wá afẹ́fẹ́ tútù kiri. Sidonie ti padà sí Pọ̀bẹ̀ tipẹ́. Wọ́n gbé Séverin lọ sí ìlú mìíràn, kò dágbére. Kòmítè kú láìsí ìsìnkú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó wá sọ fún Ìsàlẹ̀-Òkè pé wọ́n lè padà sóko, ẹ̀rù sì ń ba gbogbo wọn, nítorí náà ẹsẹ̀ òkè di igbó. Igi hù níbi tí ebè wà. Èso pọ̀. Kò sí àdá, kò sí iná, kò sí ajá.

Àwọn ọ̀bọ wá. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ti wá, bóyá láti igbó ìhà odò. Wọ́n rí i pé ibẹ̀ dára, wọ́n bí sí i, wọ́n gba orí àpáta. Nígbà tí àgbàdo gbó lẹ́yìn ilé ní Ìsàlẹ̀-Òkè, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Wọ́n ya àgbàdo, wọ́n fi abíyá gbé e, wọ́n jókòó sórí ilé-ìdáná àwọn èèyàn, wọ́n ń bó o jẹ. Wọ́n mú ìṣù ẹ̀gẹ́ lórí ibi tí wọ́n sá a sí. Ọ̀kan jókòó lójú fèrèsé Barnabé, ó ń wo àwòrán ara ògiri.

Abúlé péjọ sábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n ní kí olùṣọ́ ẹranko dìde, kó wá kó ẹran rẹ̀. Ràmọ́nù ní tí wọ́n bá gba òun láyè, òun á yìnbọn sí wọn, àmọ́ òfin ẹkùn ńkọ́? Ẹni tó bá yìnbọn lórí òkè yẹn, ìjọba lè wá.

Barnabé dìde. Ó ti darúgbó díẹ̀, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ fìlà. Ó ní kí wọ́n yìnbọn tó bá wù wọ́n, kí wọ́n dáko wọn padà, pé kò sí ẹkùn kankan, pé kò sí nígbà kan rí. Ajá Ràmọ́nù ni wọ́n rí lọ́jọ́ yẹn. Òun mọ̀ ọ́n, òun ò sọ. Ó ní òun kò bá òyìnbó ṣọdẹ rí, ọbẹ̀ ni òun ń sè.

Ó ti rò ó pé wọ́n á bínú, bóyá wọ́n á nà án. Wọ́n wò ó bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Ìyá àgbà kan ní irọ́ ló ń pa, pé òun fúnra òun rí ẹkùn náà lọ́dún tí òjò pọ̀, ó ń mumi. Ọkùnrin kan ní ẹkùn yẹn ló gbé ewúrẹ́ òun, pé òun rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. Ẹlòmíràn ní Barnabé kàn fẹ́ tan àwọn wọgbó kó lè lọ fi ọ̀rọ̀ wọn sun ìjọba. Barnabé yíjú sí Ràmọ́nù. Ó ní kó bá òun sọ ọ́, ajá rẹ̀ ni, ajá alámì dúdú, tí ìrù rẹ̀ gé.

Ràmọ́nù ronú díẹ̀. Ó ti ń sọ fún àwọn tó ń ra ọ̀yà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ bí òun àti ẹkùn ṣe pàdé.

"Ajá tèmi?" ló wí. "Ẹkùn tí mo fojú mi rí yẹn, ó lè gbé ajá mi mì."

Barnabé jókòó. Ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ rọra pè é ní òpùrọ́.

Kò jẹun nígbà tó délé. Philomène wá jókòó tì í, ó ń ṣẹ́ ẹ̀wà. Ó ní òun mọ̀ pé ajá ni láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ti inú oko òun sáré gòkè, ó fa ewé iṣu òun ya. Barnabé bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Obìnrin náà ní òun ń dúró de ẹni tó ni ẹnu.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Philomène gbé ọkọ́ àti àdá, ó gba ẹsẹ̀ òkè lọ. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó ṣán igbó yí pátákó ìjọba ká, ikán ti jẹ òpó rẹ̀, ó tì í, ó wó. Páànù ara rẹ̀ ló fi bo ahéré. Barnabé wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ọ̀nà Kétu, ó ń retí àwọn jandárámù. Kò sẹ́ni tó wá. Owó oṣù àwọn jandárámù náà kò dé. Nígbà tí àwọn obìnrin yòókù rí i pé iná kò jó Philomène, àwọn náà gbé ọkọ́.

Iṣẹ́ tí Philomène fún ọkọ rẹ̀ ni kó máa lé ọ̀bọ. Ó tún dé fìlà ìjọba nítorí oòrùn, ó gun pèpéle tó wà láàárín àgbàdo, ó ń lu agolo, ó ń pariwo láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ohùn rẹ̀ ń dé orí àpáta. Àwọn ọ̀bọ náà á tò sórí òkúta, wọ́n á ká ọwọ́ mọ́ orúnkún, wọ́n á máa gbọ́ ọ títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀.

Lọ́dún yẹn, nǹkan bí ìdajì àgbàdo ló kù fún ilé. Barnabé ní kí Philomène má bínú. Philomène ní òun kò bínú, pé ọ̀bọ tilẹ̀ mọ ìwà ju kòmítè lọ, ó ń fi nǹkan sílẹ̀. Ó di èyí tó kù mọ́ àjà, ó ṣa irúgbìn sọ́tọ̀, ó sì ní kó bọ́ fìlà yẹn kóun fi ṣe òṣùká.